Dúrọ́ọ̀ tó há lóṣù òjò: ẹ wá sọ tiyín

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Màmá mi fi tábìlì onídúrọ́ọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún mi, igi ọ̀gànwó ni. Lóṣù keje èṣí, tí òjò ń rọ̀ tàárọ̀ talẹ́, dúrọ́ọ̀ àárín há pátápátá. Ìwé ilẹ̀ wa sì wà nínú rẹ̀! Mo fà á títí ọwọ́ rẹ̀ fi já mọ́ mi lọ́wọ́. Mo da òróró ẹ̀pà sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò: eruku ló lọ lẹ̀ mọ́ ọn bí àmọ̀.

Bàbá káfíńtà àdúgbò wa ló gbà mí. Wọn ò tiẹ̀ fọwọ́ kan òòlù. Wọ́n yọ dúrọ́ọ̀ òkè, wọ́n ti ibẹ̀ kiwọ́ bọ ẹ̀yìn èyí tó há, wọ́n rọra ń tì í títí ó fi jáde. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kun etí rẹ̀ méjèèjì, wọ́n tì í wọlé, wọ́n tún fà á jáde. Ibi tí ṣọ́ọ̀kì ti pa rẹ́, ibẹ̀ ló ti ń há. Kò ju ìbú àtàǹpàkò méjì lọ! Wọ́n fi sáńpépà ha ibẹ̀, wọ́n fi àbẹ́là pa á dáadáa, ó bá ń yọ̀ lọ wẹ́rẹ́. Mo ní kí wọ́n kúkú fi ìfági fá a. Bàbá ní, "Ọmọ mi, omi ló kún ara igi yìí. Jẹ́ kí ọyẹ́ dé ná."

Bàbá Tọ́lá: Ọ̀rọ̀ bàbá yẹn dùn mí, torí kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Inú òjò ni mo fá tèmi. Nígbà tọ́yẹ́ dé, igi gbẹ, ó sún kì, ìka mi wá ń wọ àlàfo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni mo padà fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ọn.

Ìyá Ìbejì: Tèmi ò kan òjò. Ìwé àwọn ọmọ ni mo kó kún un, pákó ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá yọ ikùn, ó ń ha igi abẹ́ rẹ̀. Mo tú ìṣó rẹ̀, mo dojú pákó náà dé, kí ikùn yẹn lè kọjú sókè, mo kàn án padà. Àwọn ìwé ti bọ́ sínú páálí.

Àbẹ̀kẹ́ Ìbàdàn: Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Mò ń lọ wo ìsàlẹ̀ dúrọ́ọ̀ kẹta báyìí.