"A máa gbé yín wọlé": bí mo ṣe dé etí odò Ọ̀ṣun pẹ̀lú àga oníkẹ̀kẹ́ mi

Ilé ìtura mẹ́rin l'Óṣogbo ni mo pè ká tó kúrò n'Ìbàdàn. Ìbéèrè kan náà ni mo bi gbogbo wọn: ṣé àga oníkẹ̀kẹ́ lè wọ yàrá yín? Mẹ́ta nínú wọn dáhùn bákan náà: "Kò sí wàhálà, mà. A máa gbé yín wọlé."

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti wà lórí àga yìí, lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tó ba ọ̀pá ẹ̀yìn mi jẹ́. Mo mọ̀ pé inú rere ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọmọkùnrin mẹ́rin bá ti gbé rí, tí ọ̀kan di apá mú, tí èkejì di ẹsẹ̀ mú, tí ìró ń tú lójú gbogbo ènìyàn, yóò mọ ìdí tí mi ò fi fẹ́. Ẹni tí wọ́n bá sì gbé wọlé, dandan ni kí wọ́n gbé e jáde. Bí mo bá fẹ́ gba atẹ́gùn ní aago mọ́kànlá alẹ́ ńkọ́? Bí iná bá ṣẹ́ yọ ńkọ́?

Ní ilé ìtura kẹrin, ọmọbìnrin kan ló gbé fóònù. Ó ní òun ò mọ̀, kí n fún òun ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó wá tépù, ó wọn ẹnu ọ̀nà yàrá: íńṣì 33. Ti ilé ìwẹ̀ jẹ́ íńṣì 26. Àga mi fẹ̀ tó íńṣì 25 láti ẹ̀gbẹ́ táyà kan dé èkejì, nítorí náà yóò wọlé, bí mo bá ti ṣọ́ ìka ọwọ́ mi. Àtẹ̀gùn méjì ló wà níwájú ilé, gíga méjèèjì pọ̀ jẹ́ íńṣì 10. Ìlànà tí a máa ń tẹ̀ lé ni pé gíga íńṣì kan ń fẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tó gùn tó íńṣì 12, íńṣì 10 á sì gba pákó ẹsẹ̀ bàtà 10. Ọkọ̀ wa ò lè gba irú pákó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà rò ó díẹ̀, ó ní ẹnu ọ̀nà kan wà lẹ́yìn tí wọ́n ń gbé gáàsì àti àpò ìrẹsì gbà, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú. Mo ní ibẹ̀ gan-an ni n ó gbà. Àwọn kan á ní ìwọ̀sí ni. Lójú tèmi, ibi tí mo bá fi ọwọ́ ara mi yí táyà wọ̀ ni ẹnu ọ̀nà mi.

Òfin tó dáàbò bo àwa aláàbọ̀ ara, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù lóṣù Kìíní ọdún 2019, fún àwọn ilé tí gbogbo ará ìlú ń wọ̀ ní ọdún 5 láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 náà ti pé láti 2024. Mo máa ń rán wọn létí bí mo bá pè. Jẹ́jẹ́ ni mo máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo máa ń sọ ọ́.

Òṣogbo la mú torí ìyá ìyá mi, tó máa ń ki Ọ̀ṣun Sẹ̀ẹ̀gẹ̀sí olóòyà iyùn bó bá ń di irun fún wa. Olúmirin, omi tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, rẹwà o, ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn àti òkúta ló kún ibẹ̀. Oṣù Kejì la lọ, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ má ṣe lọ lóṣù Kẹjọ: èrò tó ń tẹ̀ lé Arugbá nígbà ọdún Ọ̀ṣun kì í jẹ́ kí táyà rí ilẹ̀ yí lé.

Ẹrù wa ò pọ̀: tìmùtìmù tí mo ń jókòó lé, pọ́ǹpù, àga ike tí n ó fi wẹ̀, àti pákó ẹsẹ̀ bàtà 4 tí káfíńtà àdúgbò wa là fún mi. Lójú ọ̀nà, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ìdí mi sókè lemọ́lemọ́. Ẹni tí ìdí rẹ̀ kì í mọ ìrora, egbò lè yọ síbẹ̀ kó má mọ̀.

Inú igbó Ọ̀ṣun tutù. Ọ̀bọ ń fò lókè, àwọn ère tí Àdùnní Olórìṣà, Susanne Wenger, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo mọ sì ń yọ láàárín igi. Láti 2005 ni UNESCO ti ka igbó náà mọ́ ogún gbogbo ayé. Mo ń yí táyà mi lọ fúnra mi títí ilẹ̀ fi dà gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin mẹ́ta sáré wá. "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká gbé yín."

Ọkọ mi wò mí, kò sọ nǹkan kan.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ẹ má gbé mi. Ẹ bá mi di àga mú." Mo kọ́ wọn: ẹ má di ibi ìgbápálé mú, ó lè yọ. A yí àga padà kí ẹ̀yìn mi lè kọjú sísàlẹ̀, ọ̀kan di ọwọ́ àga mú lẹ́yìn, èkejì di irin ìsàlẹ̀ mú níwájú, ọwọ́ tèmi wà lára táyà. Díẹ̀díẹ̀ la fi sọ̀ kalẹ̀. Níbi tí àtẹ̀gùn etí omi ti bẹ̀rẹ̀ ni mo dúró sí, ó sì tó mi.

Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà lókè odò. Ó dùn mí gan-an. Ìyá àgbà kan tó wọ aṣọ funfun wá jókòó sórí àtẹ̀gùn kí ojú wa lè ṣe déédéé. Èmi fúnra mi ló bi lórúkọ, kì í ṣe ọkọ mi. Ó pẹ́ tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí mi.

Gígòkè padà le, apá ro mí títí di ọjọ́ kejì.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, nǹkan bí aago mọ́kànlá, oorun ò kùn mí. Bàbá Ayọ̀ ti sùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn yàrá, mo yí táyà gba ẹ̀gbẹ́ àwọn àpò ìrẹsì kọjá, mo sì jáde lọ gba atẹ́gùn.