Àbọ̀ ọ̀rọ̀ ajá tó gba abẹ́rẹ́ ìkẹyìn

Ẹ ṣé gbogbo yín tí ẹ dá mi lóhùn. Ohun tí mo bèèrè ni pé ṣé ajá mi tó ń ṣàìsàn, tí dókítà ẹran fún ní abẹ́rẹ́ kó lè kú wọ́ọ́rọ́wọ́, jẹ̀rora, torí ó mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ojú rẹ̀ kò sì padé. Ìdáhùn yín ni pé rárá o. Pentobarbital, oògùn inú abẹ́rẹ́ náà, ti mú kí ó má mọ nǹkan kan mọ́ kí èémí àti ọkàn tó dúró. Iṣan lásán ló ń fa èémí yẹn. Iṣan náà ló ń pa ojú dé, ṣùgbọ́n ó ti dẹ̀ lẹ́yìn ikú, ìdí nìyẹn tí ojú fi là sílẹ̀.

Ní ti ẹ̀bi tó ń bani pé a ní kí wọ́n fún ajá ní abẹ́rẹ́ yẹn, ẹ gba àkọsílẹ̀ àìsàn lọ́wọ́ dókítà ẹran, kí ẹ kọ ọjọ́ tó kọ oúnjẹ àti ọjọ́ tí kò lè dìde mọ́ sínú ìwé. Ìdí ni pé ọjọ́ ìkẹyìn nìkan lọkàn sábà máa ń rántí. Ẹ má sọ fọ́mọdé pé ajá sùn, kí ẹ̀rù oorun má bàa bà á. Mo pa ìbéèrè mi dé síbí.