Owó Barkley, owó Huff, owó Baun: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ará Southwest Philly, ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ owó tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ń ná lóṣù Kẹta ni mo gbé wá lónìí, ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn wọn ti parí bá bọ́ sọ́jà, tí gbogbo wa á sì di akọ́nimọ̀ọ́gbá àti akápò lẹ́ẹ̀kan náà. Kí oníkálukú sọ èyí tó ṣojú ẹ̀, yálà nílé, níbi iṣẹ́ tàbí ní pápá. Eagles ti Philadelphia lèmi ń bá lọ. Ọmọ Cowboys lè wọlé, ṣùgbọ́n kó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.

Onígbàjámọ̀ tó ń gẹ irun mi wà lórí Woodland Avenue. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ní Sátidé, ẹ ó gbọ́ Yorùbá, ẹ ó gbọ́ Faransé, ẹ ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì àwọn ará Liberia, Eagles ló ń pa gbogbo wa pọ̀. Sátidé tí mò ń sọ yìí, oṣù Kẹta 2024 ni. Ọkàn wa ò tíì balẹ̀ látorí sáà tó kọjá: a ti jáwé olúborí nínú 10 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 11 àkọ́kọ́, a wá pàdánù 5 nínú 6 tó gbẹ̀yìn, Tampa Bay sì fi 32 sí 9 lé wa padà sílé. Jason Kelce àti Fletcher Cox, àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù wa, ti fẹ̀yìn tì láàárín ọ̀sẹ̀ kan síra wọn. Ọjọ́ Ajé, 11 oṣù Kẹta, la gbọ́ pé Saquon Barkley ń kúrò ní Giants bọ̀ lọ́dọ̀ wa: ọdún 3, $37.75 mílíọ̀nù, $26 mílíọ̀nù nínú ẹ̀ sì dájú, bó ṣeré bí ò ṣeré. Ọjọ́ yẹn náà la gbọ́ ti Bryce Huff láti Jets: ọdún 3, $51 mílíọ̀nù.

Bọ̀dá onígbàjámọ̀ fárígá. Orí mi ló wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ti gẹ apá òsì tán, ló bá pa klípà. Ó ní, "Ẹ̀yìn wa ni wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù kọjá wa jù, olówó wa wá lọ ra running back! Ọmọ ọdún 27 tó ti fi orúnkún ṣèṣe rí!" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù ké "Ẹ̀hẹ̀n!" Ọ̀rọ̀ náà sì nídìí lóòótọ́. Ní ọdún mélòó kan ṣáájú ìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń fojú kéré owó running back. Ẹni tó bá ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ara ẹ̀ kì í pẹ́ gbó, àwọn olówó sì mọ̀.

Àbúrò kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú ló dáhùn. Ó fa fóònù yọ, ó ní ká má wo $37.75 mílíọ̀nù, ká wo iye tí wọ́n máa kà sí wa lọ́rùn lọ́dún àkọ́kọ́. Kò tó $4 mílíọ̀nù, nígbà tí gbèdéke owó oṣù fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́dún yẹn jẹ́ $255.4 mílíọ̀nù. Báwo? Owó ìbọwọ́lùwé tí wọ́n kó fún un lẹ́ẹ̀kan náà ni wọ́n pín sórí ọdún 5 nínú ìwé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 3 péré ni àdéhùn. Àwìn aṣọ ẹbí ni: o ti wọ̀ ọ́ jó, o ṣì ń san án lọ. Bí Howie Roseman tó ń ra agbábọ́ọ̀lù fún wa ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Bọ̀dá ní òun mọ àwìn dáadáa, kí àbúrò wo Kelce àti Cox, àwọn méjèèjì ti lọ sinmi, owó wọn ṣì wà nínú ìwé. Ìyẹn náà, òótọ́ ni.

Nígbà tí àbúrò ń ka orúkọ àwọn tó kù, ó dé orí ẹnì kan tó ń bọ̀ láti New Orleans, Zack Baun, ọdún kan, $3.5 mílíọ̀nù. Ẹnì kan béèrè pé, "Ta nìyẹn?" Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. A padà sórí Barkley. Mo ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, apá ọ̀tún."

Ẹ ti mọ bó ṣe parí. Barkley sáré yáàdì 2,005 ní sáà yẹn, a fi 40 sí 22 na Chiefs nínú àṣekágbá ní New Orleans ní 9 oṣù Kejì 2025, Baun tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ Mahomes, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Chiefs, lọ́wọ́. Huff, $51 mílíọ̀nù, kò tilẹ̀ wọ aṣọ eré lálẹ́ ọjọ́ náà. Ara ẹ̀ dá o, wọn ò kàn fi orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ ni.

Ó yá, ẹ sọ tiyín.

Ará Newark

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ọmọ ilé Giants lèmi, ẹ má lé mi.

Ọkọ mi ló fẹ́ràn Barkley ju bó ṣe yẹ lọ. Láti 2018 tí wọ́n ti fi ipò kejì mú un nínú ìpín àwọn ọmọ tuntun ló ti ra jẹ́sì 26, òun ló sì máa ń wọ̀ lọ sí ọjà. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí Barkley lọ, gbogbo ẹ̀yin ará Philly ń sọ pé ahun ni wá. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ahun. Ahun ò lè fún Daniel Jones, quarterback wa tó ń ju bọ́ọ̀lù, ní $160 mílíọ̀nù fún ọdún 4 ní 2023! Owó wà, ibi tí wọ́n gbé e sí lọ̀rọ̀. Ní ọdún yẹn kan náà, wọ́n so Barkley mọ́lẹ̀ fún ọdún kan pẹ̀lú bíi $10 mílíọ̀nù, wọ́n ní kó ṣì máa ṣe sùúrù. Nígbà tó wá dé ọdún 2024, Brian Burns tó ń lé quarterback ni wọ́n náwó lé. John Mara, ọ̀kan lára àwọn tó ni ẹgbẹ́, sọ ọ́ níwájú kámẹ́rà, gbogbo ayé sì rí i lórí tẹlifísọ̀n lẹ́yìn náà, pé oorun máa ṣòro fún òun bí Barkley bá lọ sí Philadelphia. Wọ́n mọ̀, wọ́n sì jẹ́ kó lọ.

Ní 20 oṣù Kẹwàá 2024, èmi àti ọkọ mi lọ sí MetLife. Mo ní kó má wọ jẹ́sì yẹn, kò gbọ́. Barkley sáré yáàdì 176 lé wa lórí nínú ilé wa, wọ́n fi 28 sí 3 nà wá. Kó tó di pé eré parí, àwọn ọmọ Eagles tó jókòó sẹ́yìn wa ti ń bọ ọkọ mi lọ́wọ́, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ẹ̀bùn. Ó fa zíìpù jákẹ́ẹ̀tì dé ọrùn, bẹ́ẹ̀ ooru mú lọ́jọ́ yẹn.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí ẹ ò ní fẹ́ gbọ́. Ká ní a san owó yẹn, ká ní Barkley dúró, kò ní rí yáàdì 2,005. Ta ló fẹ́ lànà fún un lọ́dọ̀ wa? Gìrìpá bíi Jordan Mailata, Landon Dickerson àti Lane Johnson lẹ gbé síwájú ẹ̀, ẹ tún gba Mekhi Becton tí Jets ti sú, ẹ fún un lówó kékeré, ẹ sọ ọ́ di guard tó ń lànà. Ibẹ̀ lẹ ti jàre wa. Ẹni tó bá fẹ́ ra asáré, kó kọ́kọ́ ra àwọn tó máa lànà.

Ará Upper Darby

Ọmọ mi, o sọ ọ́ ire. Ẹ̀yin ọmọdé ni ẹ máa ń rò pé Howie ò ṣe àṣìṣe kankan. Èmi ti wà ní Philly ní 2011.

Lọ́dún yẹn a ra gbogbo ohun tó wà lọ́jà. Nnamdi Asomugha láti Raiders, ọdún 5, $60 mílíọ̀nù. Jason Babin, Cullen Jenkins, Vince Young, Ronnie Brown. Vince Young fẹnu ara ẹ̀ pè wá ní Dream Team, àwọn oníròyìn gbé e kiri. Ti Asomugha ló ká wa lára jù, nítorí ọmọ Nàìjíríà ni, ọmọ Ígbò. Níbi iṣẹ́ mi nígbà náà, àwọn aláwọ̀ funfun ò mọ bí wọ́n ṣe máa pe orúkọ ẹ̀, èmi tí mo jẹ́ Yorùbá ni mo di olùkọ́ wọn! Mo ń fi orúkọ ọlọ́rọ̀ yangàn kiri.

Eré bẹ̀rẹ̀, ó di 8 sí 8. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 4 péré la mú nínú 16, wọ́n lé Andy Reid. Ní oṣù Kẹta 2013, wọ́n ní kí Asomugha máa lọ. Ọwọ́ ẹ̀ kọ́ lẹ̀bi wà ṣá. Ní Raiders, òun àti ẹnì kan ni, ó ń ṣọ́ ọkùnrin kan láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dópin. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n ń ní kó máa ṣọ́ àyè. Ẹni tí wọ́n sanwó fún iṣẹ́ kan, tí wọ́n wá fún ní iṣẹ́ mìíràn, kí lẹ fẹ́ kó ṣe? Huff náà, ohun tó jọ ọ́ ni. Ní Jets, iṣẹ́ ẹ̀ kò ju kó sáré lé quarterback. Vic Fangio tó ń darí àwọn tó ń dá alátakò dúró fún wa fẹ́ ẹni tó lè dúró ti asáré, tó tún lè padà sẹ́yìn. Kí wọ́n tó bọwọ́ lùwé, kò sẹ́ni tó bi akọ́nimọ̀ọ́gbá léèrè ni?

Ará Houston

Ẹ̀yin ará Philly, ẹ ṣeun fún C.J. Gardner-Johnson o.

Èmi ti Texans ni. Ní 2024, wọ́n gbé C.J. Stroud, quarterback wa, ṣubú ní ẹ̀ẹ̀mejìléláàádọ́ta. Chiefs nìkan gbé e ṣubú lẹ́ẹ̀mẹjọ lọ́jọ́ tí wọ́n já wa. Bó ti di oṣù Kẹta 2025, mo ní ó tó àkókò kí wọ́n náwó sórí àwọn gìrìpá iwájú, bí àwọn ọmọ Newark ṣe wí. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n fi Laremy Tunsil ránṣẹ́ sí Washington, wọ́n gbé Kenyon Green fún yín, wọ́n mú Gardner-Johnson bọ̀, safety tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn. Èmi àti àbúrò ìyàwó mi jà lé e lórí níbi ìkómọ, débi pé ìyá wọn ní ká lọ parí ẹ̀ níta. Ó ní a ti gba ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń gba ife. Mo ní Stroud ni kó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ ná. Nínú oṣù Kẹsàn-án, a pàdánù ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 3 àkọ́kọ́, Texans ní kí Gardner-Johnson máa lọ. Àna mi ò tíì pè mí láti ọjọ́ yẹn. Tó bá ń ka èyí, kó gbé fóònù ẹ̀.

Ará Southwest Philly

Ẹ ṣé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀gbọ́n Upper Darby, mo gba ọ̀rọ̀ yín lórí Huff, wọ́n padà gbé e fún 49ers ní 2025.

Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni ti oṣù Kẹta 2025, nítorí ariwo ọdún yẹn ju ti Barkley lọ. Ife ṣì wà lọ́wọ́ wa, Milton Williams gba $104 mílíọ̀nù fún ọdún 4 lọ́dọ̀ Patriots, Josh Sweat gba $76.4 mílíọ̀nù lọ sí Arizona. Àwọn méjèèjì ló gbé Mahomes lulẹ̀ jù ní New Orleans. Níbi tá a ti ń jẹun lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá wa kan ń fi ọwọ́ lu tábìlì pé wọ́n ti tú ẹgbẹ́ ká. Mo jẹ́ kó sọ tán. Mo wá bi í pé, "Ìgbà wo lẹ mọ orúkọ Milton Williams?" Ó rẹ́rìn-ín, kò dáhùn.

Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n bọwọ́ lù lọ́dún yẹn, ẹyọ kan ló yé mi jù. Baun, ẹni $3.5 mílíọ̀nù, wọ́n fún un ní ọdún 3, $51 mílíọ̀nù. Ẹ padà wo ti Huff lókè. Iye kan náà, ọdún kan náà! Ọ̀kan gbà á kó tó ṣiṣẹ́ fún wa, èkejì gbà á lẹ́yìn tí iṣẹ́ ẹ̀ ti hàn. Bí wọ́n bá bi mí, báyìí ni kí wọ́n máa ṣe é: kí wọ́n máa ra ẹni kékeré mẹ́rin márùn-ún fún ọdún kan, kí akọ́nimọ̀ọ́gbá sọ ibi tó máa fi wọ́n sí, kí wọ́n wá sanwó gidi fún ẹni tó bá yọ. Barkley nìkan ni mo yọ sílẹ̀ nínú òfin yẹn.

Ní ti àlàfo tí Williams fi sílẹ̀, Moro Ojomo bọ́ síbẹ̀, ọmọ wa tó gbé Èkó ní kékeré. Ìpele keje nínú ìpín àwọn ọmọ tuntun ni wọ́n ti mú un ní 2023, ipò 249. Ọ̀gá wa tó ń lu tábìlì ti ń bi mí báyìí bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ ẹ̀.

Ará Upper Darby

Kó o kọ́ ọ dáadáa o. Ṣùgbọ́n o ò tíì sọ ti Jalen Carter, gìrìpá àárín iwájú wa. Owó ẹ̀ ń bọ̀, ti Mitchell àti DeJean tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn náà ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, Hurts, quarterback wa, sì ti gba $255 mílíọ̀nù. Ta ni kí wọ́n kọ́kọ́ san?

Ará Southwest Philly

Carter, ẹ̀gbọ́n. Àárín iwájú ni kí wọ́n kọ́kọ́ san. Àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn lè dúró dè é, quarterback tó bá ti wà nílẹ̀ kò lè ju bọ́ọ̀lù sí wọn.

Ará Newark

Ẹ fi Carter sílẹ̀ fún wa, a ní owó.