Òkú ẹni ọdún 86 ní Guangzhou, Ṣáínà: bí wọ́n bá na tùràrí sí mi ńkọ́?

Àdùkẹ́ Xiaobei: Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí o! Ìyá tó ni ilé tí mò ń gbé pàdánù bàbá wọn, ẹni ọdún 86. Aago 9 àárọ̀ ọ̀la ni ìsìnkú. Bí wọ́n bá na tùràrí sí mi ńkọ́? Èló ni mo máa mú lọ? Mo ti ra énfílóòpù pupa sílẹ̀.

Bọ̀dá Yiwu: Pupa kẹ̀?! Ti ìgbéyàwó nìyẹn. Funfun ni ti òkú. Yuan 201 ni kó o fi sí i, tàbí 101 bí ọwọ́ ò bá dẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ní ọ̀kan lẹ́yìn. Ayọ̀ ni wọ́n ń fẹ́ kó pé méjì-méjì, wọn ò fẹ́ kí òkú ní ìkejì. Kọ orúkọ rẹ sí i, wọ́n máa kọ ọ́ sínú ìwé.

Màmá Ìbejì: Má dán hongbao WeChat wò o, énfílóòpù owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù! Kò gba kọjá 200, pupa fòò ló sì máa yọ lójú fóònù wọn. Ọ̀gá mi ò kí mi fún oṣù mẹ́ta.

Díákónì Foshan: Má gba tùràrí. Fi ọwọ́ méjèèjì dá a padà, kó o ní "Wo shi Jidutu, wo jugong": Kristẹni ni ọ́, wàá tẹrí ba. Dojú kọ àwòrán olóògbé, tẹ̀ láti ìbàdí lẹ́ẹ̀mẹta, má kánjú. Yíjú sí àwọn ẹbí, tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Àgùdà Pọ́ńbélé: Díákónì, ẹ̀ẹ̀mẹta níwájú fọ́tò òkú ò burú, tùràrí ló wá burú? Ohun tí Póòpù fòfin dè ní 1742, Róòmù ti gba títẹrí ba yẹn padà láti 1939. Ẹ tún rántí pé "Jidutu" kì í ṣe tiwa o. "Tianzhujiao" ni Àgùdà. Lójú àwọn ará Ṣáínà, ẹ̀sìn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Díákónì Foshan: Róòmù ò sí nínú Bíbélì mi. Ẹ ó kúkú dọ̀bálẹ̀ fún egúngún tó bá yá.

Àdùkẹ́ Xiaobei: Ẹ má jà, Kérúbù ni mí. Tùràrí ò bà mí lẹ́rù, ẹni tí wọ́n ń jó o fún ni mò ń rò. Ṣé kí n wọ sùtánà mi?

Màmá Ìbejì: Hàáà! Funfun, ọmọ òkú ló ń wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní bàbá ti bímọ sí Nàìjíríà! Dúdú ni kó o wọ̀. Wọ́n á fún ọ ní àpò kékeré kan, súwìtì àti owó ẹyọ wà nínú rẹ̀. Má gbé e délé. Jẹ súwìtì lójú ọ̀nà, ná owó náà lọ́jọ́ náà.

Díákónì Foshan: Ẹ rí i? Ètùtù!

Bọ̀dá Yiwu: Wàhálà Guangzhou pọ̀. Níhìn-ín ní Yiwu, tòfú, wàrà ẹ̀wà sóyà, la máa jẹ lẹ́yìn ìsìnkú, ó tán.

Àgùdà Pọ́ńbélé: Tòfú! Àwo méje ni tiwa níbí o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi ilé sílẹ̀ lọ máa gbé inú ọjà Yiwu.

Bọ̀dá Yiwu: Ọdún 86! Nílé, màlúù méjì, aṣọ ẹbí, fújì títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Màmá Ìbejì: Àmàlà gbígbóná, ẹran tó jóná díẹ̀ létí. Ẹ má pa mí.

Àdùkẹ́ Xiaobei: Súwìtì yẹn, kí n jẹ ẹ́ àbí kí n má jẹ ẹ́?

Bọ̀dá Yiwu: Ta ló mọ ẹni tó ń ta ẹlùbọ́ ní àdúgbò Sanyuanli ní Guangzhou?