Àpótí àwárí orí ìkànnì wa kò rí ọ̀rọ̀ tó ní àmì

Ọmọ Kétu béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Ìkànnì kékeré kan wà tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi méjì ń tọ́jú ní Kétu níbí. Orin Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìtàn agbo ilé, òwe àti oúnjẹ ìlú wa ni a ń kó sí i, ojú-ìwé rẹ̀ sì ti tó 380 báyìí. Fáìlì HTML lásán ni gbogbo rẹ̀. Kò sí dátábéèsì lẹ́yìn rẹ̀, nítorí pé ibi tí agbára wa mọ nìyẹn. Nígbà tí ojú-ìwé kò tíì ju ogójì lọ, ẹni tó bá ń wá nǹkan lè fi ojú wá a nínú àkójọ orúkọ tó wà ní iwájú ìkànnì. Ìyẹn kò ṣeé ṣe mọ́, ni mo ṣe fi Lunr, ètò kékeré kan tí ń ṣe àwárí lórí ìkànnì, sí i, kí àwọn òǹkàwé lè máa tẹ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń wá.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé ó ń rí àwọn ọ̀rọ̀ kan, kò sì rí àwọn mìíràn. Bí mo bá tẹ "Kétu", ojú-ìwé tó pọ̀ ni yóò jáde. Bí mo bá tẹ "ọba", òfo ni. "Ọmọ", òfo. "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" gan-an, tó wà lórí ojú-ìwé bí ọgọ́rùn-ún, òfo ni òun náà. Ẹnu wá yà mí nígbà tí mo ṣèèṣì tẹ "ba", tí ìtàn àwọn Alákétu sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Òwe" ló burú jù: bí mo ti kọ ọ́ tó, kò yọ rárá, bẹ́ẹ̀ òwe kún ìkànnì náà bámúbámú.

Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo gbé fóònù fún bàbá mi kí wọ́n dán an wò. Kíbọ́ọ̀dù Faransé ló wà lórí fóònù yẹn, nítorí náà wọ́n tẹ "gèlèdé": è àti é wà níbẹ̀, ẹ ni kò sí. Ìkànnì dá wọn lóhùn pé kò sí nǹkan kan tó jọ ọ́. Wọ́n tẹjú mọ́ fóònù náà fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wá bi mí pé: "Ṣé o ti pa á rẹ́ ni?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, nítorí pé ẹnu wọn ni mo ti gba púpọ̀ nínú orin wọ̀nyí sílẹ̀.

Ẹnìkan gbà mí nímọ̀ràn pé kí n yọ àmì kúrò lára gbogbo ohun tí a kọ, pé wàhálà á tán. N kò fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́ta ni a fi ń fi àmì sí orin wọ̀nyí, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, ẹni tó bá sì ka orin láìsí àmì yóò ṣì í kọ. Ẹ jọ̀wọ́, ṣé èmi ni mo ṣe é ṣì, àbí Lunr kò lè gbọ́ Yorùbá ni?

Akọ̀wé Àjàṣẹ́ dáhùn pé:

Ọmọ Kétu, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ má ṣe yọ àmì kankan kúrò lórí ìkànnì yín. Àìsàn náà kò sí lára ohun tí ẹ kọ. Inú Lunr ló wà, ibi tó wà sì ṣeé tọ́ka sí.

Kí Lunr tó kọ ọ̀rọ̀ kan sínú atọ́ka rẹ̀, ìyẹn ìwé tó fi ń mọ ojú-ìwé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà, ó kọ́kọ́ ń mú un gba iwájú òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Èkíní, tí wọ́n ń pè ní trimmer, ń gé ohun tí kì í ṣe lẹ́tà kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ àti ní òpin ọ̀rọ̀, irú bíi kọ́mà àti àkámọ́. Ṣùgbọ́n a dé z tí kò ní àmì, pẹ̀lú nọ́ńbà, ni gbogbo lẹ́tà tí òun mọ̀. Lójú tirẹ̀, ọ kò yàtọ̀ sí kọ́mà. Nítorí náà "ọba" di "ba", "ọmọ" di "m", "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" di "gẹ̀lẹ̀d", nígbà tí "Kétu" là á já nítorí pé k àti u ló wà ní etí rẹ̀ méjèèjì. Bí òǹkàwé bá sì wá tẹ ọ̀rọ̀, Lunr kì í gé ti òǹkàwé; "ọba" tó pé ni ó ń fi wá "ba" tí ó ti gé, wọn kò sì lè pàdé láéláé. Ìdí nìyẹn tí "ba" fi gbé àwọn Alákétu jáde fún yín.

Èkejì ń ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó wọ́pọ̀ jù nù, kí atọ́ka má baà wúwo. "Òwe" yín ti di "we" lọ́wọ́ ẹni àkọ́kọ́, "we" sì ni "àwa" lédè Gẹ̀ẹ́sì, ni ó bá dà á sórí ààtàn. Ẹ̀kẹta ń gé ìrù ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, "ile" sì di "il" tó bá kan án. Èkejì àti ẹ̀kẹta yìí kò ní iṣẹ́ kankan láti ṣe fún èdè wa. Ẹ yọ wọ́n kúrò ní ibi tí ẹ ti ń ṣe atọ́ka, ẹ sì yọ ẹ̀kẹta kúrò ní ibi àwárí pẹ̀lú, nítorí pé ó wà níbẹ̀ náà.

Lẹ́yìn èyí, ẹ rọ ọ̀rọ̀, ìyẹn ni pé kí ẹ bọ́ àmì kúrò lára ẹ̀dà rẹ̀, kí ó tó wọ atọ́ka, kí ẹ sì rọ ohun tí òǹkàwé tẹ̀ ní ọ̀nà kan náà gan-an. Ohun tí èmi ń lò nìyí:

function ro(s) {
  return s.toLowerCase().normalize("NFD")
    .replace(/[\u0300-\u036f]/g, "")
    .replace(/ɛ/g, "e").replace(/ɔ/g, "o")
    .replace(/sh/g, "s").replace(/kp/g, "p");
}

Ẹ má fo NFD yẹn. Unicode, ìyẹn ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, fún lẹ́tà ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ó fún é ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ẹ ni a máa ń kọ kí a tó gbé àmì lé e. Nítorí náà, "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" kan lè jẹ́ nọ́ńbà 9, òmíràn tó jọ ọ́ bí ìbejì sì lè jẹ́ 12 bí ẹni tó kọ ọ́ bá ya àmì ìsàlẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára e. "Gèlèdé" bàbá yín jẹ́ 6 péré. Ojú kò lè mọ èyí tó jẹ́ èwo, kọ̀ǹpútà kò sì ní gbà pé ọ̀kan ni wọ́n. NFD ń tú gbogbo wọn palẹ̀, ìlà tó tẹ̀ lé e ń gbá àmì kúrò, gbogbo wọn á sì di "gelede". Ìlà kékeré tí àwọn mìíràn máa ń fà sábẹ́ e dípò àmì ìsàlẹ̀ náà wà láàárín àwọn tí ó ń gbá.

Ní ti ɛ àti ɔ, ẹ mọ̀ pé ìlànà ìkọ̀wé tiwa ní Benin, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní 1975 tí wọ́n sì tún ṣe ní 1990 àti 2008, ni àwọn kan fi kọ́ Yorùbá. Wọn yóò kọ "ɔba", wọn yóò kọ "àkpótí", wọn yóò kọ "ishu". Lẹ́tà tó dá dúró ni ɛ, kì í ṣe e tó ní àmì, nítorí náà NFD kò ní fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ni ẹ óò pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí ewu nínú kp àti sh, nítorí pé Yorùbá kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì pọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìdí mìíràn.

Ọ̀rẹ́ Kọ̀ǹpútà dáhùn pé:

Ẹ kú ọ̀rọ̀. Ṣé kò ní rọrùn jù kí ẹ gbé àpótí àwárí ti Google sí ojú-ìwé yín? Wọ́n ti ní i fún irú ìkànnì báyìí, ìlà kóòdù díẹ̀ ni ẹ óò lẹ̀ mọ́ ọn.

Akọ̀wé Àjàṣẹ́ dáhùn pé:

Ó rọrùn lóòótọ́, mo sì ti lò ó rí. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ ọ̀fẹ́ máa ń gbé ìpolówó ọjà sí àárín ohun tó bá rí, ojú-ìwé tí Google kò bá sì tíì wá wò, kò ní yọ. Bí a bá tún kọ ɛ, tí kò bá gbà á sí ẹ, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Ìwé tiwa ni. Ó yẹ kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ wa.

Ará Ṣábẹ̀ẹ́ dáhùn pé:

Mo kí gbogbo yín. Mo gbà pẹ̀lú Akọ̀wé Àjàṣẹ́ lórí rírọ ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má dúró síbẹ̀. Bí a bá rọ gbogbo ọ̀rọ̀, oko àti ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ di ọ̀kan ṣoṣo. Ogun tí a jà, ogún tí bàbá fi sílẹ̀ àti Ògún fúnra rẹ̀ di "ogun". Lórí ìkànnì tó kún fún orin, ẹni tó fara balẹ̀ tẹ "Ògún" pẹ̀lú àmì rẹ̀ kò yẹ kó máa la ojú-ìwé ogún jíjẹ kọjá kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó ti ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ó yẹ kí a bu ọlá fún un.

Ọ̀nà tí mo gbà ni pé mo fi ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sínú atọ́ka lẹ́ẹ̀mejì: apá kan gba ọ̀rọ̀ tí a ti rọ, apá kejì gba ọ̀rọ̀ tó ní àmì, tí mo ti fi NFC, òdìkejì NFD tí ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀, sọ di oríṣi kan náà. Bí ìbéèrè bá dé, mo ń wá a ní apá méjèèjì, mo sì fún apá tó ní àmì ní ìwọ̀n 10, kí èkejì ní 1. Ẹni tó tẹ "ogun" lásán yóò rí gbogbo wọn. Ẹni tó tẹ "Ògún" yóò rí ti Ògún lókè, àwọn yòókù á sì wà nísàlẹ̀. Ohun tí a óò máa ṣe ni títo nǹkan, kì í ṣe fífi nǹkan pamọ́. Ẹ kíyè sí i pé bí ẹ bá ṣe báyìí, trimmer náà gbọ́dọ̀ kúrò, nítorí pé yóò tún máa gé apá tó ní àmì. Ẹ fi kọ́mà, àmì ìdánudúró, àkámọ́ àti « » kún ohun tí tokenizer fi ń ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, ìyẹn yóò dípò rẹ̀.

Orúkọ ìlú ni ohun kejì, ibẹ̀ sì ni ìlú mi ti ń jẹ mí níyà. Àwọn kan kọ ọ́ ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn kan kọ Sabe, ìwé ìjọba kọ Savè. Bí a ti rọ wọ́n tó, "sabee", "sabe" àti "save" ni wọ́n dà, mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Àjàṣẹ́, Porto-Novo àti Hogbonu kò tilẹ̀ jọra rárá, bẹ́ẹ̀ ìlú kan ni. Kétou ti Faransé kì í ṣe Kétu lójú kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe rò pé ẹ lè sọ gbogbo "ou" di "u" kí ọ̀rọ̀ tán. Mo dán an wò, "oúnjẹ" àti "òun" ni mo fi bàjẹ́. Ẹ kọ àkójọ kékeré kan, kí orúkọ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìnagijẹ rẹ̀, kí ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò kí àwárí tó bẹ̀rẹ̀. Tèmi kò ju ìlà 30 lọ. Sakété àti Pobè kò wọ inú rẹ̀, nítorí pé rírọ ti tó fún àwọn yẹn.

Àwọn àgbà ní àwárí ni obìnrin ń wá nǹkan ọbẹ̀. Bí òǹkàwé bá wá nǹkan tí kò rí, ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ náà wọ fáìlì kan fún yín láìgba orúkọ rẹ̀. Inú fáìlì yẹn ni mo ti rí ìdajì àkójọ mi.

Ọmọ Kétu dáhùn pé:

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ̀gbọ́n Ará Ṣábẹ̀ẹ́, mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Alẹ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo yọ àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo rọ ọ̀rọ̀ sí apá kan, mo fi NFC sí apá kejì, mo sì tún ohun tí ń ya ọ̀rọ̀ ṣe. Mo rí nǹkan kan tí n kò retí: nínú àwọn fáìlì tí èmi àti ọ̀rẹ́ mi kọ, ọ̀nà mẹ́ta ni "Gẹ̀lẹ̀dẹ́" fi wà níbẹ̀, nítorí pé kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni a lò, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì mọ̀ láti ọdún mẹ́ta yìí wá.

Atọ́ka náà ti wá di mẹ́gábáìtì kan àbọ̀ nítorí apá méjì yẹn. Ó jọ mí lójú pé ó wúwo fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra dátà, nítorí náà n kò jẹ́ kó wọlé pẹ̀lú ojú-ìwé mọ́. Ìgbà tí òǹkàwé bá fọwọ́ kan àpótí àwárí ni ó ń wọlé. Ẹni tó wá ka orin kan ṣoṣo kò ní sanwó ohun tí kò lò.

Bàbá mi tún dán an wò lánàá. Wọ́n fi àtàǹpàkò tẹ "gelede" láìsí àmì kankan, ojú-ìwé 112 sì jáde. Wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ń fi ìka fà á lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé orin kan tí àwọn fúnra wọn kọ sí mi létí, wọ́n ṣí i, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ní ìlà kẹrin, wọ́n dúró, wọ́n ní àmì tí mo fi sí ọ̀rọ̀ kan kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ti tún un ṣe, mo sì ti tún atọ́ka ṣe pẹ̀lú rẹ̀.

"Kétou" ni ó kù. Mo ń kọ àkójọ orúkọ náà lọ́wọ́ báyìí. Ará Ṣábẹ̀ẹ́, bí kò bá ni yín lára, ẹ fi ìlà 30 tiyín ránṣẹ́ kí n wò ó mọ́ tèmi.