Ìyá pátákó ni, kì í ṣe pátákó ìyá

Ẹ̀yin ará,

Ẹ̀gbọ́n wa tó fẹ́ to sáfà (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún àwọn ẹ̀rọ yòókù) sílé béèrè irú ọpọlọ (CPU, ẹ̀yà tó ń ṣe ìṣirò) àti mọ́dábọ́ọ̀dù (pátákó tí gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́) tí àwọn lè rà. Ìbéèrè gidi ni. Ṣùgbọ́n “pátákó ìyá” tí wọ́n pe mọ́dábọ́ọ̀dù kò bá mi lára mu rárá. Ìyá ta ló ni ín? Ilé bàbá, aṣọ ìyá: ẹni tó kẹ́yìn ló ni ohun tó ṣíwájú. Bí ohun kan bá jẹ́ olórí láàárín irú rẹ̀, iwájú ni à ń gbé ìyá sí: ìyáàlù. Àwọn àgbà tó sọ ọ́ lórúkọ kò nílò ìwé gírámà, etí wọn gbọ́ ọ. Ìyá pátákó ló tọ́.

Ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, torí òun ló ń sọ iye díìsì tí sáfà lè gbà, oríṣi mẹ́mọ̀rì, àti ọpọlọ tó lè jókòó sórí rẹ̀. Ẹ wo AM5, irú ibi tí ọpọlọ ilé iṣẹ́ AMD ń jókòó sí lórí pátákó, tó dé ní 2022: mẹ́mọ̀rì irú DDR5 nìkan ló gbà.

Ẹni tó pe ibi tí ọpọlọ ń jókòó ní “ihò” ló tún bí mi nínú jù. Lórí AM4 tó ṣáájú AM5, mo gbà: ara ọpọlọ ni abẹ́rẹ́ wà, wọ́n sì ń wọnú ihò. AM5 àti LGA1700 ti Intel ńkọ́? Inú pátákó ni abẹ́rẹ́ wà, abẹ́ ọpọlọ tẹ́jú. Ihò dà? Ibùjókòó ni kí a pè é. Ẹni tó bá gba “ihò” gbọ́ yóò máa ṣọ́ ọpọlọ, abẹ́rẹ́ pátákó ni yóò sì tẹ̀. N100, ọpọlọ kékeré ti Intel, kò tilẹ̀ ní ibùjókòó, ńṣe ni wọ́n jó o mọ́ pátákó.

Ẹ̀gbọ́n, bí fáìlì àti fọ́tò nìkan ni ẹ fẹ́ tọ́jú, N100 tó yín: wáàtì 6 ni TDP rẹ̀ (ìwọ̀n ooru tó ń mú jáde bó bá ń ṣiṣẹ́), ẹ̀rọ tí kì í sùn kò sì gbọ́dọ̀ máa jẹ iná. Bí ẹ bá fẹ́ ECC, mẹ́mọ̀rì tó ń tún àṣìṣe ara rẹ̀ ṣe, ẹ ṣọ́ra: Ryzen 5 5600G, ọpọlọ AMD, kò gbà á, Ryzen 5 PRO 5650G gbà á. Lórí LGA1700, ìyá pátákó tó ní ṣípù ìdarí W680 ni kí ẹ wá.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ohùn tó yẹ sórí ọpọlọ. “Ọ̀pọ̀lọ́” tí ẹnìkan kọ lánàá kì í gbé inú kọ̀ǹpútà.

Ti àmì ìsopọ̀ (-) tí olùkọ́ kan láàárín wa ní kí a fi sáàárín ìyá àti pátákó, n kò gbà. Ogún ọdún tó ní òun ti lò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ kó mú àpẹẹrẹ wá.