Ẹ gbà mí o, sọ́fítíwià tí mo fi ń gé fídíò ń kú mọ́ mi lọ́wọ́

Agéfídíò: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ọjọ́ mẹ́rin rèé tí mi ò fojú kan oorun dáadáa. Fídíò ìgbéyàwó kan ló wà lọ́wọ́ mi, àwọn tó ni ín ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹfà lónìí nìkan. Ìyá ìyàwó tiẹ̀ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀ kó lè bá mi wí fúnra ẹ̀. Tí mo bá ṣí sọ́fítíwià náà, á kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́; kí n wá tẹ ibi tí màá ti wo fídíò báyìí, ó ti kú nìyẹn. Kò ní sọ nǹkan kan. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti yọ ọ́ tí mo tún un gbé sí i. Àwọn tó ṣe é ò mọ̀ ju kí wọ́n máa gbowó lọ́wọ́ èèyàn lọ́dọọdún! Kọ̀ǹpútà náà gan-an ti ń ya wèrè, ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ ò ṣeé dín kù mọ́, ojú ń ta mí lálẹ́, àbúrò mi wá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé kí n máa wọ awò dúdú. Ẹ̀rọ tó lágbára ni o, káàdì NVIDIA tó ń ya àwòrán ló wà nínú ẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fi dráífà tuntun sí káàdì ẹ, ìyẹn sọ́fítíwià tí Windows fi ń bá káàdì sọ̀rọ̀.

Kò-Sí-Wàhálà: Dráífà ni. Lọ gba tuntun.

Agéfídíò: Mo ti fi tuntun sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ìyẹn mọ́.

Abẹ́rẹ́: Dráífà tuntun gan-an ló máa ń dá wàhálà sílẹ̀ nígbà mìíràn. Tèmi, tí mo bá ń gbá géèmù, ojú ẹ̀ á ṣókùnkùn, á padà, á tún ṣókùnkùn. Mo wo Event Viewer, níbi tí Windows ń kọ àṣìṣe sí, nọ́ńbà 4101 ló kún ibẹ̀, pé nvlddmkm, ìyẹn dráífà NVIDIA, kò dáhùn. Mo dá dráífà àtijọ́ padà, pàbó. Ìgbà tí mo tú ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo rí eruku tó dí fáànù pa. Ooru ló ń dá káàdì náà kú.

Atúnṣe: Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń wò ná. Ṣé láptọ́ọ̀pù ni àbí ti orí tábìlì? Windows mélòó? Ẹ ṣí Device Manager, níbi tí Windows to orúkọ àwọn ẹ̀yà ẹ̀rọ sí, kí ni ẹ rí lábẹ́ Display adapters, ìyẹn àwọn káàdì àwòrán? Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ síbí.

Agéfídíò: Láptọ́ọ̀pù, Windows 11. Ìyá ìyàwó tún ti pè. Àbí kòkòrò (virus) ló wọ inú ẹ̀ ni?

Kò-Sí-Wàhálà: Wọ inú Registry, níbi tí Windows ń kó ètò ẹ̀ pamọ́ sí, fi TdrDelay síbẹ̀, kí o sọ ọ́ di 60. Èmi ṣe é, ó sì ṣiṣẹ́.

Atúnṣe: Ẹ má fọwọ́ kan Registry o. Láti ìgbà Windows Vista ni Windows ti ń ṣọ́ káàdì. Tó bá rán an níṣẹ́ tí kò gbọ́ nǹkan kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2, á pa dráífà, á sì tún un gbé dìde. Òun ni 4101 tí Abẹ́rẹ́ rí. TdrDelay kàn ń fi kún sùúrù Windows ni. Káàdì tó bá ti dákú, ojú kọ̀ǹpútà á dì fún ìṣẹ́jú àáyá 60 dípò 2. Ó wúlò fún ẹni tí iṣẹ́ ẹ̀ wúwo gan-an, ṣùgbọ́n ojú kọ̀ǹpútà Agéfídíò ò tiẹ̀ ṣókùnkùn rárá.

Kò-Sí-Wàhálà: Tèmi ṣiṣẹ́.

Abẹ́rẹ́: Ṣebí ìwọ lo wá pariwo níbí lóṣù tó kọjá pé tìẹ ń dì?

Kò-Sí-Wàhálà: Ìyẹn yàtọ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ dákẹ́ ná. Agéfídíò, o ní ìmọ́lẹ̀ ojú ẹ̀ ò ṣeé dín kù. Láti ìgbà wo?

Agéfídíò: Láti bí ọjọ́ mẹ́rin náà ni mà. Àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo wá bèèrè.

Atúnṣe: Ìyẹn gan-an ló yẹ kí ẹ bèèrè. Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o. Display adapters ńkọ́?

Agéfídíò: Ẹ má bínú. NVIDIA ni ọ̀kan. Èkejì ni Microsoft Basic Display Adapter.

Ìyá Ìbejì: Káàdì àwòrán Intel ẹ dà?

Agéfídíò: Intel yẹn? Mo ti yọ ọ́. Ẹnì kan ṣàlàyé nínú fídíò kan pé òun ló ń fa NVIDIA sẹ́yìn, pé téèyàn bá yọ ọ́, tipátipá ni sọ́fítíwià á fi lo NVIDIA. Mo tẹ Uninstall, mo sì ní kó pa dráífà ẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú. Mi ò rò pé ó kan ọ̀rọ̀ yìí, torí kọ̀ǹpútà ṣì ń tàn.

Abẹ́rẹ́: Háà! O wá ń bú àwọn tó ṣe sọ́fítíwià láti àárọ̀!

Agéfídíò: Ẹni tó sọ ọ́ mọṣẹ́ o, ọ̀pọ̀ èèyàn ló dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lábẹ́ fídíò yẹn.

Atúnṣe: Ó lè bá ẹ̀rọ tiwọn mu. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù oníkáàdì méjì, ojú kọ̀ǹpútà kò so mọ́ NVIDIA, ara Intel ló so mọ́. NVIDIA á ya àwòrán tán, á gbé e fún Intel, Intel á wá gbé e síta. Ẹ ti lé alárinà lọ. Microsoft Basic Display Adapter tí Windows fi dípò ẹ̀ kò mọ̀ ju kó gbé àwòrán sójú ṣáá, nínú OpenGL, ìlànà tí sọ́fítíwià fi ń ya àwòrán, 1.1 àtijọ́ ni agbára ẹ̀ mọ, kò sì lè yí ìmọ́lẹ̀ padà. Bí sọ́fítíwià bá bèèrè ohun tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kú. Ẹ gba dráífà Intel lórí ojúlé àwọn tó ṣe láptọ́ọ̀pù yín, èyí tó bá irú tiyín mu gẹ́lẹ́. Ẹ gbé e sí i, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ tún un tàn. Tí ẹ bá ṣì fẹ́ kó jẹ́ NVIDIA ni sọ́fítíwià ń lò, ẹ lọ sí Settings, System, Display, Graphics, ẹ mú sọ́fítíwià náà níbẹ̀, kí ẹ yan High performance. Kò sí ohun tí ẹ máa yọ.

Agéfídíò: Ìmọ́lẹ̀ ti ń lọ sókè sódò. Sọ́fítíwià ti ṣí, mo ti wo fídíò náà débi tí wọ́n ti ń wọ òrùka, kò kú. Mo ti ní kó máa gbé e jáde, ó ti dé ìdá 38 nínú 100. Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, Atúnṣe. Ìyá ìyàwó ń pè, mi ò tíì fẹ́ gbé e.

Kò-Sí-Wàhálà: Ẹ jọ̀ọ́, TdrDelay tèmi yìí, báwo ni mo ṣe máa yọ ọ́?